Ìyá Atẹ̀wé Lórí Rìn-Má-Dé

Ohun tó ń bí Ìyá Atẹ̀wé nínú jù láyé kì í ṣe èèyàn, àtẹ̀gùn ni. Àtẹ̀gùn ilé tí Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń gbé ni, ilé gogoro alájà mẹ́rin tí kò ní lífíìtì. Òkè téńté níbẹ̀ sì ni ọmọ náà àti ọkọ rẹ̀ lọ háyà sí, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára.

"Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè dára lóòótọ́," ni Ìyá Atẹ̀wé máa ń wí, "ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀ gbà á símú, èmi fúnra mi á ti gbẹ́mìí mì."

Ìgbà tó gbìyànjú rẹ̀ kẹ́yìn, àjà kìíní ló ti dúró. Orúnkún kọ̀, èémí kọ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú bí ẹni tó mú olè. Àbíkẹ́yìn ní láti gbé àga onírọ̀bà kan sọ̀kalẹ̀ wá fún un. Ó jókòó síbẹ̀, àwọn aráalé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú ìjókòó, Mà," bíi pé pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ béèrè bóyá òun ni ẹ̀ṣọ́ tuntun tí onílé ṣèlérí.

Láti ọjọ́ náà, ojú títì ni Ìyá Atẹ̀wé ti ń kí ọmọ rẹ̀. Á dúró nísàlẹ̀, á gbójú sókè, Àbíkẹ́yìn á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á sì máa pariwo ọ̀rọ̀ ẹbí síra wọn, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò yẹn pé ọkọ Àbíkẹ́yìn máa ń hanrun.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn tí Àbíkẹ́yìn fi lóyún.

"Mọ́mì, ẹ má da ara yín láàmú o," ni ọmọ náà ké látòkè. "Tí mo bá ti bímọ, a máa gbé e sọ̀kalẹ̀ wá bá yín."

"Ẹ máa gbé kí ni sọ̀kalẹ̀? Ọmọ tuntun jòjòló? Ṣé búrẹ́dì ni, tẹ́ ẹ máa fi kiri?" Ìyá Atẹ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú nítorí oòrùn. "Wo ọwọ́ yìí. Òun ló wẹ̀ yín látorí Àkọ́bí dórí ìwọ. Òun náà ló máa wẹ ọmọ yẹn, nínú yàrá ìyá rẹ̀. Olúwa kò ní jẹ́ kí n di ìyá àgbà ojú títì."

Ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe "Àmín," bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá Atẹ̀wé kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bá ṣèpàdé, wọ́n máa ń gba ohùn gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ọ́fíìsì kan ló ń kó ohùn náà ránṣẹ́ sí i nílé. Òun á ki íápíìsì bọ etí, á sì máa tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú kọ̀ǹpútà lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, tikọ́ tisín. Abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni pẹ́dà kan wà, pẹlẹbẹ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá fẹsẹ̀ tẹ iwájú rẹ̀, ohùn á máa lọ. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohùn á dúró. Bó bá fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn á padà díẹ̀ kó lè tún un gbọ́. Ọwọ́ méjèèjì wà fún ìwé títẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà fún pẹ́dà, ìdí wà fún àga. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò ríṣẹ́ ṣe, ìyẹn sì máa ń sùn lọ fọnfọn.

Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. "Mà, ọkàn yín ò burú, ẹ̀dọ̀fóró yín ò burú. Àga yín ló burú. Ẹ máa rìn."

"Nígbà wo, Dókítà? Láàárọ̀ mò ń tẹ̀wé, lọ́sàn-án mò ń tẹ̀wé, nírọ̀lẹ́ mò ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí."

"Ẹ rìn níbi iṣẹ́."

"Ibi iṣẹ́ mi ò ju ìdí àga dé ojú fèrèsé lọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dé."

Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n já páálí gbàǹgbà kan sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀: bẹ́líìtì dúdú fífẹ̀ tó ń yí lórí irin. Èèyàn á dúró lé e, bẹ́líìtì á máa sá lọ sẹ́yìn, èèyàn á máa rìn síwájú, kò sì ní kúrò lójú kan.

"Mọ́mì, wọ́n máa ń gbé tábìlì lé e lórí ni," ni Àkọ́bí ṣàlàyé. "Ẹ̀ ń rìn, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Ọkọ Ìyá Atẹ̀wé bọ́ síta wá wò ó. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí bọ́ọ̀sì ńlá ló wà káàkiri ìlú títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àga onítìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ ló kù tó ń wà, kò sì gbà kí ẹlòmíràn bá a di ọwọ́ ọkọ̀ náà mú. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó fi ìka ẹsẹ̀ ta á wò bí ẹni tó ń yẹ táyà wò.

"Ohun tó ń rìn tí kò lọ síbì kankan," ó ní. "Bí mo bá wakọ̀ báyìí lọ́jọ́ kan péré, wọ́n á lé mi dànù. Orúkọ rẹ̀ ni Rìn-má-dé."

"Ẹ má fi orúkọ burúkú pè é, Bàbá wọn. Èmi máa dé."

"Dé ibo?"

"Àjà kẹrin."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ náà. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà àdúgbò pé kó wá kan tábìlì gíga tí yóò gun orí ẹ̀rọ náà. Káfíńtà yọ okùn ìwọ̀n.

"Ìyá, ẹ dúró dáadáa kí n wọn ìgbọ̀nwọ́ yín. Ṣé bẹ́ẹ ṣe máa dúró nìyí tẹ́ ẹ bá ń lò ó?"

"Mi ò ní dúró. Mo máa máa lọ ni."

Káfíńtà ká okùn rẹ̀. "Mo ti kan tábìlì fún ẹni tó jókòó, mo ti kàn án fún ẹni tó dúró. Mi ò kàn án fún ẹni tó ń lọ rí. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má gbé tábìlì mi sá lọ o."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ tán, Ìyá Atẹ̀wé kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. "Olúwa," ó ní, "mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti mú irú ẹ̀bẹ̀ yìí wá síwájú Rẹ rí, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n ṣubú lójú ọkọ mi, nítorí kò ní gbàgbé ẹ̀ títí mo fi máa wọ ọ̀run." Ó bọ́ sórí bẹ́líìtì. Ó rìn. Kò ṣubú. Ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì kan wò, ó tún tẹ òmíràn, kò pẹ́ tí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń jó lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹsẹ̀ méjèèjì náà ń lọ nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin ìyìn.

Lẹ́yìn náà ló ki íápíìsì bọ etí, tó fi ẹsẹ̀ wá pẹ́dà.

Kò sẹ́ni tó rántí pẹ́dà. Dókítà ò rántí, Àkọ́bí ò rántí, káfíńtà tó wọn gbogbo ara rẹ̀ ò rántí.

Ìyá Atẹ̀wé gbé pẹ́dà lé bẹ́líìtì níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Pẹ́dà gun bẹ́líìtì bí èrò tó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ tìdùnnú-tìdùnnú, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó fa wáyà, wáyà fa kọ̀ǹpútà, Ìyá Atẹ̀wé fi àyà gba kọ̀ǹpútà mú. Ó tún un gbé, ó fi sí etí ẹ̀rọ, níbi tí bẹ́líìtì ò dé. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó ní kí ẹsẹ̀ òsì máa dá rìn. Ẹsẹ̀ òsì gbọ́ràn: ó lọ. Ó gba ẹ̀yìn lọ ráúráú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì kúrò nídìí pẹ́dà. Ibi tí Ìyá Atẹ̀wé ti bá ara rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yanjú, inú kọ́tìnnì ni.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. "Ṣebí wọ́n ní kì í lọ síbì kankan!"

Ìyá Atẹ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sétí ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ lérí.

"Bí mo bá tẹ pẹ́dà, mi ò lè rìn. Bí mo bá rìn, mi ò lè tẹ pẹ́dà, kò sì síṣẹ́. Bí mi ò bá sì rìn, Àbíkẹ́yìn á bímọ tán, màá dúró sójú títì, wọ́n á máa fi ọmọ hàn mí lójú fèrèsé bí aṣọ tí wọ́n sá."

Ẹ̀rín Bàbá Dẹ́rẹ́bà tán. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo pẹ́dà tó dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú sílípáàsì fúnra rẹ̀, bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Gbé nǹkan yẹn wá," ó ní.

Ó wọ́ àga onítìmùtìmù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó bọ́ sílípáàsì, ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ó tẹ iwájú, ó tẹ ẹ̀yìn, ó gbẹ́sẹ̀. "Kò le tó kílọ́ọ̀ṣì bọ́ọ̀sì mi. Ìyàwó mi, bọ́ sórí ọ̀nà rẹ. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀."

Ìṣòro kan ló kù: Bàbá Dẹ́rẹ́bà kò lè gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ inú ìpàdé, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nìkan lófin gbà kó gbọ́ ọ, Ìyá Atẹ̀wé sì ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀ lójú Ọlọ́run àti ọ̀gá. Nítorí náà, ẹnu ló fi ń darí rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ohùn máa lọ, á ní, "Tẹná!" Bó bá fẹ́ kó dúró, "Bíréèkì!" Bó bá fẹ́ kó padà, "Rìfáàsì díẹ̀!" Ọ̀rọ̀ tó yé Bàbá Dẹ́rẹ́bà ju gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn lọ nìyí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé fìlà awakọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Lọ́jọ́ kẹta, kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ń wẹ̀yìn wò bóyá gbogbo èrò ti wọlé.

Inú ilé dùn lákòókò yẹn. Ìyá Atẹ̀wé ń rìn látàárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀, káfíńtà ń yọjú lójú fèrèsé ó ń ní, "Ìyá, ẹ ò tíì dé?" òun náà ń dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀." Ẹsẹ̀ òsì tó máa ń sùn ti jí. Orúnkún tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró ti ń pa ẹnu mọ́.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀gá pè láti ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó kéré sí Àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́ orí ni, ó mọ̀wàá hù, ó sì mọ iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Mà, ìpàdé àwọn tó ń ṣe bàkẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín. 'Alága ní: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún yìí san wá, bíréèkì, bíréèkì, Bàbá wọn, ṣé oorun ń kùn yín ni?'"

Ìyá Atẹ̀wé fi ọwọ́ wá ibi tó máa dì mú.

"Mà, ó kù. 'Akọ̀wé fèsì pé: Rìfáàsì. Ó pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé bẹ́ẹ ṣe ń pa èrò lójú títì nìyí?'"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn gbangba. Ọjọ́ pẹ́ tí ìka Ìyá Atẹ̀wé ti ń tẹ ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́. Ìka ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn tirẹ̀ wọ etí tirẹ̀, ìka gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu alága.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti rí i?"

"Wọ́n ti rí i, Mà. Àgbàlagbà kan wà nínú wọn tó sùn lóòótọ́ níbi ìpàdé yẹn. Nígbà tó kà á, ó rò pé òun ni alága bá wí. Ó ti pe alága láti tọrọ àforíjì. Alága ò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti dárí jì í." Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Mà, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní lè fún yín níṣẹ́ mọ́. Ohun yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ padà sórí àga yín."

Ìyá Atẹ̀wé pa ẹ̀rọ. Ó lọ gbé àga rẹ̀ àtijọ́ láti ibi tó ti ń kó eruku. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ń wò ó, fìlà wà lórí rẹ̀.

"Ìwọ lo máa gbé àga kúrò níbẹ̀ àbí èmi?"

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyin lohùn, tèmi ti balẹ̀, ó ti fọ́ sínú ìpàdé olówó. Mi ò lè máa sọ̀rọ̀ kí n má tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀? Gbogbo ìgbà tí mo fi wa bọ́ọ̀sì, ta ló ń pariwo bíréèkì sí mi létí? Ọ̀nà ni mò ń wò. Nígbà tí ọ̀nà bá ń lọ, mo lọ. Nígbà tí kòtò bá wà, mo dúró." Ó dìde, ó yí àga onítìmùtìmù rẹ̀ po, ó gbé e síwájú tábìlì, kó lè dojú kọ ọ́. "Bọ́ sókè. Pa ẹnu mọ́. Ojú rẹ ni màá máa wò."

"Ojú mi? Kí ló wà lójú mi?"

"Bí ọ̀rọ̀ ò bá yé ọ, ìpéǹpéjú òsì rẹ máa ń gòkè. Bí wọ́n bá ń yára jù fún ọ, wàá fi eyín mú ètè ìsàlẹ̀. Bó bá ti dára, ọrùn rẹ á rọ̀. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń wò ó. Ìwọ rò pé mi ò rí i ni."

Ìyá Atẹ̀wé fi ọwọ́ kan ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wò. Ó bọ́ sórí bẹ́líìtì, ó ki íápíìsì bọ etí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ mì: ohùn dúró. Ó fi eyín kan ètè: ohùn padà. Ọrùn rẹ̀ rọ̀: ohùn lọ. Ó ń rìn, ojú sì ń tì í bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

"Ẹ má wò mí báyẹn."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Dákẹ́, wàá tún tẹ̀ ẹ́."

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́ bí omi òjò. Ọ̀gá pè. "Mà, kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo. Ṣẹ́ ẹ rí i bí àga ṣe dára?"

"Àga dára gan-an, Ọ̀gá," ni Ìyá Atẹ̀wé fèsì. Kò sì parọ́: àga wà níbẹ̀, Bàbá Dẹ́rẹ́bà ló jókòó lé e. Síbẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ náà kún àdúrà alẹ́, kí Olúwa fi ojú àánú wò ó.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà tún rí nǹkan mìíràn. "Mọ́tò tó ń sáré níbi tó tẹ́jú," ó ní, "òkè ló máa sọ irú ẹ́ńjìnnì tó ní. Àtẹ̀gùn Àbíkẹ́yìn ò tẹ́jú." Wọ́n pe káfíńtà padà. Ó gé pákó, ó fi ti abẹ́ iwájú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá ti mọ́ Ìyá Atẹ̀wé lára, á tún fi pákó mìíràn kún un, tábìlì náà á sì ga sí i. Òógùn bo Ìyá Atẹ̀wé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ yìí ń mí gúlegúle.

"Ìyá, ẹ ti ń gun òkè láti òwúrọ̀," ni káfíńtà wí lójú fèrèsé. "Kí lẹ rí lókè?"

"Ìwọ ni mo rí. Kúrò níbẹ̀."

Nígbà tó yá, Àbíkẹ́yìn bímọ. Ọkọ rẹ̀ ló pè: "Mọ́mì! Obìnrin ni! Gbogbo wa ti délé. Ẹ má wulẹ̀ dààmú, tí ara Àbíkẹ́yìn bá ti le dáadáa, a máa gbé e..."

"Ẹ má gbé nǹkan kan," ni Ìyá Atẹ̀wé wí. "Ẹ gbé omi kaná."

Ó kó ọṣẹ, tówẹ̀lì àti kànrìnkàn rírọ̀ sínú báàgì kan, ó gbé e kọ́ èjìká. Bàbá Dẹ́rẹ́bà dé fìlà. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ilé gogoro náà, Ìyá Atẹ̀wé gbójú sókè bó ṣe máa ń ṣe. Lójú rẹ̀, ilé náà ga ju bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ lọ.

"Èmi ni màá ṣáájú," ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà wí. "Mo máa fi ẹ̀gbẹ́ gun àtẹ̀gùn, kí n lè máa wo ojú rẹ. Má sọ̀rọ̀."

Wọ́n gun ún. Orúnkún Ìyá Atẹ̀wé dáhùn. Wọ́n dé àjà kìíní, ibi tí àga onírọ̀bà ọjọ́sí ti gbà á sílẹ̀. Aládùúgbò kan ń bọ̀ láti òkè, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. "Ẹ kú ìrìn, Mà," ó ní, kò sì mọ ohun tó fún un. Ìyá Atẹ̀wé fẹ́ gbá a mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n dé àjà kejì, ìpéǹpéjú òsì gòkè.

"Bíréèkì," ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà wí. Wọ́n dúró. Ó ń wò ó. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. "Tẹná."

Wọ́n tún gòkè. Ìyá Atẹ̀wé ń rí i pé bí àtẹ̀gùn ṣe gẹ̀rẹ́ tó, pákó káfíńtà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èémí rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi ń retí "bíréèkì" ọkọ rẹ̀ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ohunkóhun. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè, tó wo ojú ẹni tó ń wo ojú rẹ̀.

Fìlà ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu là sílẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́nu irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yọ bíi ti ẹja tí wọ́n fà síta.

"Bàbá wọn?"

"Tẹ... ná," ó ní. Ohùn náà jáde bí atẹ́gùn tó ń jò lára táyà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé àwọn méjèèjì nígbà náà. Láti ọjọ́ tí Rìn-má-dé ti wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń rìn nínú ilé yẹn. Ẹnì kejì wà lórí àga onítìmùtìmù, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣeré.

"Ẹ jókòó," ni Ìyá Atẹ̀wé wí. Bàbá Dẹ́rẹ́bà jókòó sórí àtẹ̀gùn àjà kẹta gbì bí àpò sìmẹ́ńtì. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀: ó yára, ṣùgbọ́n ó ṣe déédéé. "Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín."

"Má dúró." Ó mí sínú, ó mí síta. "Bí o bá dúró, asán ni gbogbo ohun tí mo tẹ̀. Mo wo ojú rẹ. Ó ní kó o máa lọ. Máa lọ jàre."

Ìyá Atẹ̀wé fa fìlà rẹ̀ tọ́ fún un, ó sì gun èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un ìgbà tó yẹ kó dúró, kò sì dúró. Ìgbà tó kan ilẹ̀kùn, Àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló ṣí i, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ń wá àwọn tó gbé e wá.

"Mọ́mì! Ta ló gbé yín dókè?"

"Ẹsẹ̀ mi."

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó máa ṣe. "Bàbá wá ńkọ́?"

"Ó wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ kú. Àga onírọ̀bà tó o gbé fún mi níjọ́sí, ṣé ó ṣì wà? Ní kí ọkọ rẹ gbé e lọ fún un."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí Ìyá Atẹ̀wé ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò nínú báfù, tó ń gbé ọmọ lé apá, tó ń rọra da omi sí i láyà, ó ń gbọ́ ohùn láti orí àtẹ̀gùn: àga tí wọ́n ń gbé kalẹ̀, Bàbá Dẹ́rẹ́bà tó ń jókòó, àga tí wọ́n tún ń gbé gòkè díẹ̀, àti àwọn aráalé tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Hẹn."

Ọmọ náà la ojú nínú omi. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tí kò ju orí ṣíbí lọ, ó tẹ omi, ó gbẹ́sẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Wò ó," ni Ìyá Atẹ̀wé wí, omi ojú rẹ̀ ń kán sínú omi ìwẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ dẹ́rẹ́bà. Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Atẹ̀wé bọ́ sí pálọ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú Rìn-má-dé. Kò dé fìlà. Ó ti bọ́ sílípáàsì, ó sì ń wo bẹ́líìtì dúdú náà bí ẹni tó ń wo odò tó fẹ́ là kọjá. Káfíńtà ti wà lójú fèrèsé. Èèyàn á rò pé ibẹ̀ ló ń sùn.

"Ṣé ó ní bíréèkì?" ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà béèrè, kò wẹ̀yìn.

Ìyá Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yọ pákó kan kúrò lábẹ́ iwájú ẹ̀rọ, ó tún yọ òmíràn, títí ó fi tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sínú àga onítìmùtìmù ọkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a jókòó sí, ó nà tán, ó dojú kọ ọ́.

"Ẹ bọ́ sókè, Bàbá wọn," ó ní. "Ẹ pa ẹnu mọ́. Ojú yín ni màá máa wò."